Iwájú Orí Ìdílé Ìyá Rábì

Ọ̀rọ̀ mi náà ni wọ́n tún gbé dé o! Lánàá, mo lọ ra ẹja ní ọjà Treichville, ní Abidjan níbí, obìnrin kan rí mi, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹnì kejì ẹ̀, ó ní, "Òun nìyẹn. Òun ló já ọ̀gá ẹ̀ sílẹ̀ lójú àna." Já ta sílẹ̀? Ẹja tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́ fi gbá a lẹ́nu, Ọlọ́run ló kó o yọ. Ẹni tí kò di orí kan rí láyé ẹ̀, òun ló fẹ́ wá kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí n ṣe! Ẹ jẹ́ kí n ṣáà sọ ọ́ bó ṣe rí, torí tí mo bá tún gbé èyí mì, inú mi á bẹ́.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ máa ń dá mi dúró lójú ọ̀nà pé "Àǹtí Síkírá, ṣé kí n lọ kọ́ṣẹ́ irun?", ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Onídìrí ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, àmọ́ 1999 ni mo bẹ̀rẹ̀, ọdún 2011 tí a wà nínú ẹ̀ yìí ni mo fi í sílẹ̀, gbogbo ìgbà ọmọge mi ló bá iṣẹ́ yẹn lọ. Ọwọ́ mi ti kọ̀ ọ́. Mi ò ní mú kóòmù mọ́.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Bàbá mi kú, ilé ìwé parí sí CM2, ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá mi mú mi lọ bá Ìyá Rábì torí pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n jọ jẹ́. Sọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà, páànù lókè, jígí ńlá kan lára ògiri, àga onírọ́bà bíi mélòó kan. Owó tí mo ń gbà, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ ni ká sọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò di nǹkan kan. Títú ni. Kí n tú irun tí ẹlòmíì dì, kí n gbálẹ̀, kí n tún tú òmíràn. Tí mo bá fà á jù, Ìyá Rábì á fi ìrù kóòmù na ìka mi. Ìka nìkan ni ó máa ń nà. Ó ní ìka ló ṣẹ̀, kí ló fẹ́ fi ẹ̀yìn mi ṣe. Obìnrin gbọọrọ ni, ohùn ẹ̀ kì í lọ sókè, gèlè kì í kúrò lórí ẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. A ò rí i láìsí gèlè rí, ẹnikẹ́ni ò sì bi í.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ìyá àgbàlagbà kan jókòó, ó ti ya irun ẹ̀ sọ́tọ̀.

"Tẹ orí ẹ wálẹ̀. Kí lo rí?"

"Irun ni, Ìyá."

Pà! sórí ìka.

"Mo mọ̀ pé irun ni. Àbí orí ewúrẹ́ ni mo gbé ka iwájú ẹ? Wo ibi tó ti ń jáde."

Mo tẹjú mọ́ ọn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i, èmi tí mo ti ń tú irun láti ọjọ́ yìí. Irun kì í hù lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri bíi koríko. Inú ihò kékeré kan ni méjì ti máa ń jáde pọ̀, tàbí mẹ́ta, ìgbà míì mẹ́rin, wọ́n á fara ti ara wọn bí ọmọ ìyá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn awọ á wà lásán, lẹ́yìn náà ihò míì, àwọn mẹ́ta míì.

Ìyá Rábì ní, "Ilé nìyẹn. Tí o bá ń ya irun, má ya ilé kan sí méjì. Tí o bá fa ẹ̀gbọ́n sọ́tùn-ún tí o fa àbúrò sósì, ilé á ya, orí á sì máa dun oníbàárà títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Ìyá tó jókòó náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Rábì, ṣé ìwọ ni lándíléédì orí mi?"

Ó tún kọ́ mi ní ìdí irun. Èyí tó bá wà nínú kóòmù, kí n mú un sójú ìmọ́lẹ̀. Tí ìdí ẹ̀ bá ní kókó funfun, tó gbẹ, ìyẹn ti lo ìgbà tiẹ̀ tán, ó ń lọ kí òmíràn lè wọlé. Irun kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tiẹ̀, òmíì ń dàgbà, òmíì ń sinmi, òmíì ń múra àtilọ, ìdí nìyẹn tí orí wa kì í fi í pá lẹ́ẹ̀kan náà bí adìyẹ tó ń pa ìyẹ́ dà. Àmọ́ tí ìdí ẹ̀ bá tutù, tí nǹkan bíi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá bò ó, ìyẹn ò fẹ́ lọ. Ọwọ́ ẹnì kan ló fà á tu. Ẹ fi sọ́kàn pé òun ló kọ́ mi. Gbogbo nǹkan tí mo fi bá a jà nígbẹ̀yìn, ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Òfin sọ́ọ̀bù wa kan wà. Ìyàwó oníṣòwò kan wá láti Port-Bouët, mo tú ìborùn ẹ̀, làpálàpá ti jẹ àárín orí ẹ̀. Mo ní, "Yé! Kí lèyí?" Ojú obìnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. Ìyá Rábì mú mi jáde síta. Kò nà mí. Ó ní, "Síkírá, obìnrin tó bá tú gèlè fún ẹ, kò tú u fún aráyé. Ohun tí o bá rí lórí ẹ̀, ọwọ́ ẹ ni kó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹnu ẹ." Ó padà wọlé, ó wá oògùn sí i, ó fi irun tó yí i ká bò ó débi pé obìnrin náà ń jó lọ sílé. Mo fẹ́ràn òfin yẹn, wallahi. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ láti Yopougon, láti Adjamé, wá jókòó lábẹ́ páànù wa. Kò sí ẹni tó tó Ìyá Rábì pa ẹnu mọ́ ní Abidjan.

Irinṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Òwú dúdú àti ọwọ́ lásán la fi ń ṣe é nígbà tí mo dé. Ẹ̀yìn náà ni mẹ́ṣì gba gbogbo ìlú, irun oníke tí a ń fi kún irun, ó ń wúwo, ó ń fa gbòǹgbò nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn, tisáàjì, tí a ń rán mọ́ orí bí ẹni ń rán aṣọ. Ẹ̀yìn ìyẹn, kọ́ọ̀lù, ìyẹn gọ́ọ̀mù inú ìgò kékeré, a ó kàn lẹ irun bíi ti ẹṣin mọ́ awọ orí, ó parí. Nígbà tí ogun dé lọ́dún 2002, tí wọ́n fi couvre-feu sí i pé kí onílé gbélé lálẹ́, àwọn obìnrin ò fẹ́ máa jáde lóòrèkóòrè mọ́. "Ẹ dì í kó pẹ́ o, Ìyá Rábì." Àwa náà ń fún un pọ̀. Tí ojú oníbàárà ò bá fà sókè bíi ti ará Ṣáínà, a ò tíì ṣe tán. Ìyá Rábì á ní, "Fún un sí i. Tó bá rọ̀ báyìí, á tú lọ́túnla." Mo sì ń fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Rábì wàyí. Ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ kékeré ni nígbà tí mo débẹ̀, irun ẹ̀ ṣú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú. Orí ẹ̀ ni pátákó sọ́ọ̀bù wa. Àrà tuntun tó bá dé, orí Rábì la ó kọ́kọ́ dì í sí, á jókòó síwájú ìta kí àwọn èèyàn rí i. Ọ̀sẹ̀ tó bá tán, a ó tú u, a ó tún di òmíràn. Ọmọ ẹlẹ́nu dídùn ni. Á ní, "Àǹtí Síkírá, rọra o, ọpọlọ mi wà níbẹ̀, ìdánwò ń bọ̀." Ìyá ẹ̀ á ní, "Jókòó dáadáa, ọpọlọ wo?" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bú sẹ́rìn-ín.

Bó ṣe ń dàgbà ni iwájú orí ẹ̀ ń sún sẹ́yìn. Ẹ̀bátí ẹ̀ méjèèjì ń ṣí sílẹ̀. Tí oníbàárà bá wò ó, Ìyá Rábì á fi ọwọ́ pa á lórí, á ní, "Iwájú orí ìdílé wa nìyẹn. Bí ti ìyá mi ṣe rí nìyẹn, bí tèmi ṣe rí nìyẹn. Abiyamọ ò lè sẹ́ ọmọ ẹ̀." Rábì á gbé àgbọ̀n sókè: "Front d'intellectuelle, màmá!" Ó ń fi í yangàn pé iwájú orí ọ̀mọ̀wé ni.

Àmọ́ èmi ni mò ń ya orí yẹn. Ojú mi ló ṣe. Ilé tí mẹ́ta wà, mo padà dé ibẹ̀, méjì ló kù. Mo tún padà, ẹyọ kan ni. Ẹyọ kan yẹn á máa tín-ín-rín, á di bí òwú aláǹtakùn, á di bí irun ara ọmọ ọwọ́. Tó bá yá, ihò lásán, bí ibi tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún. Tó bá tún yá, ihò náà á pa dé, awọ á máa dán bí àwo. Ohun tó wá dà mí lọ́kàn rú jù lọ ni pé ní etí iwájú gan-an, ìlà irun wẹ́wẹ́ kan ṣì dúró níbẹ̀, fẹ́lẹ́ báyìí. Kí ló dé tí ìyẹn ò lọ? Torí pé ó kúrú jù, ọwọ́ wa ò lè mú un! Èyí tí ọwọ́ wa ń mú ló ń kú. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé wo ló ń ṣa irun bẹ́ẹ̀?

Mo lọ sí cyber, ibi tí wọ́n ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀ ẹ́ sí i lédè Faransé, èmi tí mo parí sí CM2, mò ń ka ọ̀rọ̀ kan, mò ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kejì. Bí orí ọkùnrin ṣe ń pá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, ìyẹn máa ń tinú ẹ̀jẹ̀ wá lóòótọ́, ihò irun á máa kéré sí i, ilé á máa tú, àmọ́ ìpàkọ́ á ṣẹ́kù. Ti obìnrin tí wọ́n ń fa irun ẹ̀, ọwọ́ ni. Tí wọ́n bá tètè jẹ́ kí orí sinmi, á padà hù. Tí wọ́n bá pẹ́, àpá á dí ihò náà, kò sì sí oògùn ẹ̀. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn, omi ń bọ́ lójú mi. Ọmọkùnrin tó ni cyber ní, "La go, c'est comment? Gars-là t'a largué?" Mo ní kó panu ẹ̀ dé. Ó rò pé ọkùnrin ló já mi sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì mo dúró kí oníbàárà tán. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi orí Rábì sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó ń pá."

"Kí ló ń pá?"

"Ẹ̀bátí ẹ̀, Ìyá. Àwa la ń fà á."

Ó na ìgbálẹ̀ sí mi. "Síkírá, ìwọ lo bí i ni? Mo ní iwájú orí ìdílé wa ni. Ṣé o mọ ìyá mi ni? Gbálẹ̀, jàre."

Mo gbálẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tí mo sọ ọ́, mo sọ ọ́ títí ó fi ní tí mo bá tún sọ ọ́, kí n kó ẹrù mi.

Ìgbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, ọkọ dé. Ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń ta fóònù ní Adjamé, èèyàn jẹ́jẹ́. Wọ́n dá ọjọ́ nikà, ìyẹn yìgì. Ìyá Rábì ní irun ọjọ́ náà ló máa jẹ́ òpin àrà: tisáàjì gígùn, kọ́ọ̀lù láti iwájú dé ìpàkọ́, kó má hàn pé irun kankan wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wá láti Yopougon, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ jígí, ó ń mu bissap, omi ìṣápá, ó fẹ́ rí ìyàwó wọn.

Mo tú orí Rábì. Pípá náà ò mọ sí ẹ̀bátí mọ́. Ó ti dé àtàrí. Ibi tí ojú ẹ̀ ò lè dé láéláé, ibi tí a ti ń rán tisáàjì mọ́ ọn. Àwọn ilé ibẹ̀ ti di ẹlẹ́ni méjì, ẹlẹ́nìkan, irun ọmọ ọwọ́ ti ń yọ láàárín wọn. Àmọ́ àwọn ihò ṣì là. Mo fi ìka kàn wọ́n, ó ṣì ń dùn ún. Ibi tó bá ń dùn ò tíì kú. Ẹ̀bátí ti lọ ní tiẹ̀. Àtàrí ṣì wà lọ́wọ́ wa, tí a bá fi kọ́ọ̀lù yẹn sí i, tó sì di oṣù kan lórí ẹ̀, ó parí.

Ìyá Rábì ṣí ìgò. "Yà á láti àárín."

Mi ò ya nǹkan kan.

"Síkírá, mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Mi ò ṣe é, Ìyá."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ gbé ife sílẹ̀. Rábì ń wò mí nínú jígí. "Àǹtí Síkírá, kí ló dé?"

Ìyá Rábì fi ojú sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Mo mọ ojú yẹn. Mo gbé kóòmù sílẹ̀. Mo ní, "Rábì, kì í ṣe iwájú orí ìdílé. Ọwọ́ wa ni. Èmi àti ìyá ẹ la fà á tu, ó sì ti dé àtàrí ẹ báyìí. Tí o bá gba kọ́ọ̀lù yìí, o ò ní ní irun mọ́ láyé ẹ."

Ìgbájú ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kó tó di pé ó dùn mí. Ìyá Rábì tí kì í na ibòmíràn ju ìka lọ. "O dójú tì mí lójú àna mi! Èmi tí mo kọ́ ẹ! Irọ́ ni mò ń pa? Ṣé irọ́ ni mo pa fún ọmọ mi? Wò ó!"

Ó tú gèlè.

Ẹ gbọ́, gbogbo ọdún yẹn, mi ò rí orí ẹ̀ rí. Láti iwájú dé àárín, kò sí nǹkan kan, ó ń dán bí àwo tí wọ́n fọ̀ tán. Ní etí iwájú, ìlà irun wẹ́wẹ́ kan, fẹ́lẹ́.

"Ṣé ẹ rí i? Orí ìyá mi nìyí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiẹ̀ rí. Ìyá tó bí i náà, bẹ́ẹ̀ ni!"

Rábì dìde kúrò lórí àga. Ohùn ẹ̀ kéré. "Màmá, ta ló ń di irun yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé?"

"Ìyá mi ni. Onídìrí ni, gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ̀ ọ́n."

"Ta ló wá ń di ti ìyá yín?"

"Ìyá tiẹ̀ náà ni. Òun ló kọ́..."

Kò parí ẹ̀. Ó yíjú sí jígí. Ó gbé ìka lé ìlà irun wẹ́wẹ́ yẹn níwájú orí ẹ̀, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ láti ẹ̀bátí kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí orí Rábì, ó tọ ti ọmọ náà. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń wo irun, mo mọ ohun tí ojú ẹ̀ ń rí. Kò purọ́ fún ọmọ ẹ̀ rí. Ó gbà á gbọ́ ni. Ìran onídìrí ni wọ́n, ìyá ń di ti ọmọ, ó ń fún un pọ̀ torí ó fẹ́ràn ẹ̀, nígbà tí orí ọmọ bá ṣí, wọ́n á wo orí ìyá, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ wa ni.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àárín irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Kò sunkún. Ìbá sàn ká ní ó sunkún.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló dé ìgò kọ́ọ̀lù náà. Ó ní, "Màmá, ẹ dìde ńlẹ̀. Ìbòrí la máa fi gbé ìyàwó wa, ẹ ò rí i pé mùsùlùmí ni wá? Ta ló fẹ́ wo irun?" Ẹ rí i pé àna tí wọ́n ní mo já ọ̀gá mi sílẹ̀ lójú ẹ̀ ò bínú rárá. Mo gé irun Rábì mọ́lẹ̀, wọ́n ṣe nikà, ó wọ funfun, ó dára. Láàárín ọdún kan, àtàrí ẹ̀ padà hù, mo wò ó fúnra mi, ilé ẹlẹ́ni méjì-méjì, òmíì mẹ́ta. Ẹ̀bátí kò padà. Ó kí mi pé ẹ ṣé, Àǹtí Síkírá, àmọ́ kì í wá sílé mi bíi tẹ́lẹ̀.

Ìyá Rábì ò di irun mọ́. Oníbàárà kan jókòó láàárọ̀ Mọ́ńdè, Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ya irun ẹ̀, ó dúró. Ó ń wo ẹ̀bátí obìnrin náà. Ó ní, "Èmi ni." Obìnrin náà ní, "Ẹ wí kí ni?" Ó bo orí ẹ̀ padà fún un, ó ní kó máa lọ sílé. Bó ṣe ń ṣe fún gbogbo wọn nìyẹn. Lálẹ́, á máa ka orúkọ wọn, ìyàwó oníbúrẹ́dì, èmi ni, ọmọ alákàrà, èmi ni. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò mọ̀ ni." Á tún ka òmíràn. Sọ́ọ̀bù kú. Èmi náà, bí mo bá ti gbé kóòmù sórí èèyàn, ilé tó ti ṣófo ni màá máa kà, mo bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ìgbà tí ìbọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ìbò, tí àwọn ará ilé ń sá padà sí Nàìjíríà, Ìyá Rábì náà di ẹrù. Mo tẹ̀lé e dé gáréèjì Adjamé, mo ra búrẹ́dì àti omi fún un. Ó ti gbẹ. Ó wọnú ọkọ̀, ó yọ orí lójú fèrèsé, èmi rò pé ó fẹ́ súre fún mi.

Ó ní, "Síkírá, òótọ́ lo sọ. Mi ò bá ẹ jà lórí òótọ́. Àtàrí ọmọ mi hù, mo dúpẹ́. Àmọ́ orí mi ni mo fi ń rántí ìyá mi. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, òun ni mò ń rí. Ní báyìí tí mo bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ ẹ̀ tó ń fà mí ni mò ń rí. Ká ní o dúró kí n kú ná."

Ọkọ̀ lọ. Mo dúró síbẹ̀, àwọn apprenti, ọmọ ọkọ̀, ń tì mí sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ń pariwo èrò.

Ó yá, ẹ̀yin tí ẹ ń nawọ́ sí mi lọ́jà, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ irun, ẹ dá mi lóhùn, kí ẹ má fi ọgbọ́n àgbà dá mi lóhùn. Ìgò kọ́ọ̀lù ti ṣí. Orí ọmọ náà wà lábẹ́ ọwọ́ ẹ, àwọn ihò yẹn ò tíì pa dé, ó ṣì ń dùn ún. Obìnrin tó kọ́ ẹ ní gbogbo ohun tí o mọ̀ ló dúró tì ẹ́, tó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ṣé ìwọ á dákẹ́?